Ìrìn-Àjò Èmi àti Ọkọ Mi sí Ìdí Igi Àìjẹrà

Ẹ jókòó. Ẹni tí kò bá rí àpótí, kó jókòó lórí gbòǹgbò, ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ́ ẹ̀pà, ẹ rọra fọ́ ọ, nítorí etí ni mo fi ń rí yín báyìí. Ládẹ̀jọ, má mi àpótí yẹn mọ́.

Bí ẹ bá wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wà, ẹ padà sílé. Ẹnu dùn-ún ròfọ́, ọwọ́ ló ń rò ó. Ohun tí ojú mi rí kó tó kú ni mo fẹ́ sọ fún yín, màá sì sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọdẹ ni mí. Bàbá mi Ọdẹ́rìndé kò bí ọkùnrin, kò sì fẹ́ kí adìyẹ máa yé ẹyin sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn òun, ló bá kọ́ mi. Ìmàdò mẹ́ta ni mo pa lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀yin ọkùnrin tó wà níbí, ta ló ti pa méjì rí nínú yín? Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ, Ládẹ̀jọ. Ọ̀yà tí ìwọ gbé wálé lésìí, ṣé kì í ṣe pé ó ti kú fúnra rẹ̀ kó o tó dé ibẹ̀?

Agbẹ́gi ni ọkọ mi, Ọ̀nàwùmí ni orúkọ rẹ̀. Ó ń gbẹ́ odó, ó ń gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń gbẹ́ àpótí. Àpótí tó kọ́kọ́ gbẹ́ fún mi nígbà tí mo délé rẹ̀, ẹsẹ̀ kan kúrú. Ó fẹ́ tún un ṣe, mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò bi mí nídìí, èmi náà ò sọ.

Ọdún kìíní yẹn, a jọ lọ sígbó. Mo ti ń tẹ̀lé ìgalà kan láti àárọ̀. Mo bá a níbi tó ti ń jẹ èso, mo gbé ìbọn sójú, mo mú èémí dúró. Ìgbà náà ni mo gbọ́ kò-kò-kò lẹ́yìn mi. Ọkọ mi ti yí orí àáké padà, ó ń kan igi kan, ó fi etí tì í bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún. Ìgalà mi lọ.

Mo ní, "Kí lò ń ṣe?"

Ó ní, "Mo ń gbọ́ inú rẹ̀ ni."

Mo ní, "O ti gbọ́ ọ. Ó dáa. Òun náà la máa fi jẹ iṣu."

Láti ọjọ́ náà, a kò jọ wọ igbó mọ́. Ọdẹ ò fẹ́ ariwo, agbẹ́gi ò sì lè gé igi tí kò tíì kàn. Ọjọ́ tèmi yàtọ̀, ọjọ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Ọdún méjìdínlógójì la fi jọ ń jẹun, tí a jọ ń sùn, tí a jọ tọ́ Àyọ̀ká ọmọ wa títí ó fi lọ sílé ọkọ. Ṣùgbọ́n igbó ò mọ̀ pé tọkọtaya ni wá.

Nígbà tó yá, nǹkan funfun bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyin ojú mi, bí awọ tó máa ń bo ojú ẹ̀kọ tó ti tutù. Lọ́jọ́ kan mo yìnbọn fún kùkùté, mo sì yọ̀ lé e lórí pé mo pa ẹtu. Ọdẹ tí ojú rẹ̀ bá ti dà báyìí, kí ló kù tí yóò máa ṣe?

Ọ̀sẹ̀ náà ni oníyọ̀ kan dé láti òkèèrè. Ó ní lẹ́yìn Igbó Òpin-Ọ̀nà, igi kan wà tó ń jẹ́ Àìjẹrà. Ikán ò lè jẹ ẹ́, òjò ò lè rà á, ohun tí a bá fi gbẹ́ yóò wà títí ayé. Omi kan sì ń sun nídìí rẹ̀, afọ́jú tó bá fi bọ́jú yóò ríran.

Ọkọ mi gbé òkèlè sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti máa ń sọ fún un nípa igi yẹn, láti kékeré ló sì ti ń wá a.

Ó ní, "Ìyá Àyọ̀ká, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́. Ẹnu ọkùnrin yìí dùn jù. Iyọ̀ rẹ̀ gan-an, iyanrìn wà nínú rẹ̀."

"Ojú rẹ ńkọ́?"

Bí ojú bá ń fọ́ lọ, etí a máa gba ohun tí kò yẹ kó gbà. Ọjọ́ kẹta, mo gbé ìbọn mi, ó gbé àáké rẹ̀, a jáde.

Ẹ má bi mí bí ọ̀nà ṣe gùn tó. Ẹsẹ̀ wa mọ̀ ọ́n, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ẹnu Igbó Òpin-Ọ̀nà, iwin kan dìde níwájú wa. Ìdajì ara rẹ̀ jẹ́ òkúta, ìdajì kejì jẹ́ ewé tó ń mì láìsí atẹ́gùn. Orí rẹ̀ kò ní ojú. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ojú wà, ẹyọ kan ṣoṣo, bó bá fẹ́ wò ọ́, á la ọwọ́ sí ọ. Ojú-ń-bẹ-lọ́wọ́ ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sá fún ajá aládùúgbò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò.

Ó bi wá pé, "Ọdún mélòó lẹ ti jọ wà?"

Mo ní, "Méjìdínlógójì."

"Ìwọ obìnrin, nígbà tí ọkọ rẹ bá ń kan igi, kí ló ń ṣe?"

"Ó ń lé ẹran mi lọ ni."

Iwin kò rẹ́rìn-ín. Ó yí ọwọ́ sí ọkọ mi. "Ìwọ ọkùnrin, nígbà tí ìyàwó rẹ bá bẹ̀rẹ̀ wo ipa ẹsẹ̀ nílẹ̀, kí ló ń rí?"

"Ẹran ló ń rí."

Iwin náà pa ọwọ́ dé. Nígbà tó tún là á, omi wà nínú ojú yẹn. Ó ní, "Ọdún méjìdínlógójì. Irọ́ kọ́ lẹ pa fún mi. Ẹ ò mọ̀ ni. Ẹ pààrọ̀ ẹrù. Kí agbẹ́gi gbé ìbọn, kí ọdẹ gbé àáké, iṣẹ́ tí ẹ bá gbé ẹrù rẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe títí ẹ ó fi padà sọ́dọ̀ mi. Màá tún bi yín. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n nígbà náà, ọ̀kan nínú yín yóò dúró tì mí títí ayé, èkejì yóò sì dá lọ sílé."

Mo fẹ́ ṣe orí kunkun. Bí a ṣe kọjá rẹ̀, mo na ọwọ́ sí ìbọn mi léjìká ọkọ mi. Ó gbóná bí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú iná jáde. Ẹ wo àpá rẹ̀ lọ́wọ́ mi níbí. Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbọ́ràn.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ebi pa wá. Ọkọ mi ń rìn bí ẹni tó ń gún iyán. Mo ní kó máa bẹ̀rẹ̀, kó máa sọ ohun tó bá rí nílẹ̀ fún mi.

"Mo rí ojú pátákò méjì."

"Etí rẹ̀ mú, àbí ó ti rọ̀?"

"Ó ti rọ̀. Ìrì ti sẹ̀ sínú rẹ̀."

"Ẹran àná nìyẹn. Fi í sílẹ̀. Ọbẹ̀ àná kì í yó ni lónìí."

Ní ọjọ́ kẹrin, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ń fi ìka tọ etí ipa ẹsẹ̀ náà yípo bó ṣe máa ń tọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ẹni tó gbẹ́ èyí ò tíì jìnnà." Oríkì mi ló pè yẹn. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti pè é kẹ́yìn.

Ó dùbúlẹ̀ sínú ewé títí oòrùn fi kúrò lórí wa, eèrà ń gun ọrùn rẹ̀, kò mira. Ó pa ẹtu tó ni ipa ẹsẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ó dúró tì í, kò lè sọ̀rọ̀, èmi náà ò sì bá a sọ̀rọ̀. Mo mọ ìdákẹ́ yẹn. Mo ti ní irú rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo pa ẹran àkọ́kọ́, bàbá mi ò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní tèmi, mo ń fi orí àáké kan igi kiri. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn ń dún létí mi, bí ìgbà tí ènìyàn ń lu àgbọn. Ọkọ mi ní, "Má kàn án bí ẹni tó ń bínú sí i. Kàn án, kó o sì dúró." Dídúró ni mo mọ̀ jù láyé, iṣẹ́ ọdẹ ni. Ní ọjọ́ kẹfà, mo kan igi ọmọ̀ kan, mo dúró. Ohùn náà wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì padà wá bá mi ní kíkún.

Mo ké sí i, "Bàbá Àyọ̀ká, ó dá mi lóhùn!"

Ó sáré dé, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká lórí-kodò bí ẹni gbé ọkọ́. "Tún kàn án." Mo tún kàn án. A dúró níbẹ̀ títí iṣu wa fi jóná. Mo gé ẹ̀ka kan lára rẹ̀, mo gbẹ́ ṣíbí. Ṣíbí náà wọ́, mo sì gé ara mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo fi jẹun.

Ibẹ̀ la wà nígbà tí Ìmàdò Olójú-Mẹ́fà já lù wá. Ojú méjì ní iwájú, méjì ní ẹ̀gbẹ́, méjì ní ìdí, kò síbi tí o lè gbà yọ sí i. Gbogbo igbó ń sá fún un, igi pàápàá ń fà sẹ́yìn. Ìbọn wà lọ́wọ́ ọkọ mi. Èmi ò rí ju òjìji dúdú kan lọ. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo tẹ́ ọwọ́ lé e ní ẹ̀yìn.

"Má wo eyín rẹ̀. Wo ibi tí ọrùn ti pàdé èjìká. Ṣé o rí i?"

"Mo rí i."

"Fa èémí. Dá a dúró. Má tíì yìn ín. Má tíì. Ó yá."

Mo gbọ́ bó ṣe ṣubú. Ilẹ̀ mì, èso já sórí wa bí òjò. Mo ti pa ìmàdò mẹ́ta lọ́jọ́ kan. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dùn mọ́ mi tó èyí tí n kò pa.

A dé Ìlú Ẹnu-Dídùn. Ọkọ mi sọ fún mi pé níbẹ̀, tọkọtaya kì í wojú ara wọn. Ọkọ á dojú kọ ògiri, á ní, "Wúrà mi tí kì í dípẹtà." Ìyàwó á kọ ẹ̀yìn sí i, á ní, "Òṣùpá tó ń là fún èmi nìkan." Mo gbọ́ ọkùnrin kan tó ń yin ìyàwó rẹ̀ láti òwúrọ̀, ọkọ mi sì ní ìyàwó náà ti jáde lọ tipẹ́tipẹ́. Ọba ìlú náà jókòó sí ẹnu ibodè, olorì àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òfin rẹ̀ ni pé obìnrin àlejò kò gbọdọ̀ kọjá láìyin ọkọ rẹ̀.

Mo ní, "Kábíyèsí, mi ò ní ọ̀rọ̀ dídùn. Ọkọ mi ń hanrun. Bó bá ń jẹun, ó ń fi ìka kan àwo. Àpótí tó kọ́kọ́ gbẹ́ fún mi, ẹsẹ̀ kan kúrú. Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti fi jókòó lé e, tí mo ń fi ẹsẹ̀ ara mi ti ẹ̀gbẹ́ kan. Mi ò jẹ́ kó tún un ṣe. Bó bá ti mì lábẹ́ mi, mo máa ń rántí pé ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n lọ́jọ́ tó ń gbẹ́ ẹ, nítorí pé èmi ló ń gbẹ́ ẹ fún."

Ọkọ mi yíjú sí mi. "O ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí."

"O ò bi mí."

Olorì wá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ó ní, "Kábíyèsí, èwo nínú orúnkún mi méjèèjì ló ń dùn mí?" Ọba yí orí díẹ̀díẹ̀, ó wò ó. Bóyá ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó rántí wa mọ́, a sì kọjá.

A dé ìdí Igi Àìjẹrà. Ó ga ju ohun tí mo lè sọ lọ, nítorí náà mi ò ní sọ ọ́. Omi náà ń dán nídìí rẹ̀, ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú mi tó ti ń kú rí dídán rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì láti bu ú.

Ọkọ mi ní, "Dúró."

"Kí ló dé?"

"Kò sí ipa ẹsẹ̀ níbí. Ọ̀nà ẹtu mẹ́ta ló ti inú igbó wá, gbogbo wọn ló yà kúrò kí wọ́n tó dé etí omi. Ẹyẹ kan ò tẹ ẹrẹ̀ yìí. Ìwọ lo kọ́ mi: omi tí ẹran ń sá fún, ènìyàn kì í bu ú."

Inú bí mi. "Ọdẹ ọ̀sẹ̀ méjì, ìwọ lo máa wá kọ́ ọmọ Ọdẹ́rìndé?"

Ó já ewé tútù kan, ó tẹ̀ ẹ́ bọ inú omi, ó sì gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo gbọ́ bó ṣe ń ká kò. Nígbà tí mo fọwọ́ pa á, ó ti di eérú. Mo jókòó sílẹ̀. Mo rò pé mo máa sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún ò wá.

Ọkọ mi ní, "Kan igi náà fún mi, Àwẹ̀ró."

Mo yí orí àáké padà. Mo kàn án, mo dúró. Ohùn náà wọlé, kò sì padà wá. Mo kàn án níbòmíràn. Mo kàn án lẹ́ẹ̀kẹta, mo fi etí tì í. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi wá igi yìí, ó wù mí kí n parọ́ fún un. Irọ́ ì bá dùn.

Mo ní, "Kò sẹ́ni nínú ilé yìí, Bàbá Àyọ̀ká. Ó ṣófo láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Èèpo ló dúró."

Ó fi iwájú orí ti igi náà. "Ó ti tó ọdún márùn-ún tí mi ò gbọ́ ohùn igi mọ́. Ariwo àáké ti jẹ etí mi. Ọ̀rọ̀ ènìyàn ni mo ṣì ń gbọ́. Bí mo bá dá wá síbí, mi ò ní mọ̀. Ǹ bá fi ìyókù ayé mi gbẹ́ èèpo."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ojú rẹ ti tó ohun tó o máa rò."

A jókòó sáàárín omi burúkú àti igi òfìfo, a jẹ iṣu sísun tó kù. Ó fún mi ní ibi tí kò jóná. A dìde, a sì padà.

Ojú-ń-bẹ-lọ́wọ́ ti ń dúró dè wá. Ó la ọwọ́ sí mi. "Nígbà tí ọkọ rẹ bá ń kan igi, kí ló ń ṣe?"

Mo ní, "Ó ń ké àgò. Ó ń béèrè bóyá ẹnìkan wà nílé kó tó wọlé. Bí wọn ò bá dá a lóhùn, kì í gbé àáké."

Ó yí i sí ọkọ mi. "Nígbà tí ìyàwó rẹ bá bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀, kí ló ń rí?"

Ọkọ mi ní, "Ó ń rí ẹni tó ti kọjá, tí kò tíì lọ tán."

Iwin náà pa ọwọ́ dé, ó yà fún wa. "Ẹ gba ẹrù yín padà."

Mo na ọwọ́ gba ìbọn mi. Ó tutù báyìí. Mo dá a padà sí èjìká ọkọ mi, mo ní, "Máa gbé e lọ. Ojú rẹ sàn ju tèmi lọ." Ó ní kí èmi náà máa mú àáké dání.

Ọdún mẹ́sàn-án la fi wọ igbó pọ̀ lẹ́yìn náà. Ọwọ́ mi máa ń wà léjìká rẹ̀. Bó bá rí ipa ẹsẹ̀, á kà á fún mi. Bó bá rí igi tó wù ú, á dúró, èmi á kàn án, màá sì sọ ohun tó wí fún un. Ìgalà púpọ̀ ló sá mọ́ wa lọ́wọ́. Mi ò kà wọ́n.

Ó kú nígbà òjò àkọ́rọ̀. Ojú mi ti kú tán nígbà náà, mi ò rí òkú rẹ̀. Ọwọ́ ni mo fi wò ó, láti iwájú orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, mo sì mọ gbogbo ibẹ̀.

Àpótí tí ẹ jókòó lé wọ̀nyí, èmi ni mo gbẹ́ wọn. Ládẹ̀jọ, mo gbọ́ ọ. O ti ń mì láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, o sì ti ń fi ẹsẹ̀ wá òkúta tí wàá fi tì í. Fi òkúta sílẹ̀. Ẹsẹ̀ kan kúrú lára gbogbo wọn. Mo mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gbẹ́ wọn.

Èyí tí mo wà lórí rẹ̀, ọkọ mi ló gbẹ́ ẹ. Bí mo bá ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, mo ń bá ojú àáké rẹ̀ níbẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì bí ipa ẹsẹ̀. Ó ti kọjá. Kò tíì lọ tán.

Ẹ máa lọ sílé. Ẹni tí ọkọ tàbí aya bá wà fún nílé, kó má kàn já wọlé. Kó ké àgò, kó sì dúró gbọ́.